ÌWÉ ÀTIJỌ́ KÒ GBỌDỌ̀ KÚ MỌ́ WA LỌ́WỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ọmọ ìlú wa sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

  

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí èmi àti àwọn olùkọ́ méjì kan ń ṣe nígbà ìsinmi ilé-ìwé, èyíinì ni iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kékeré tí ń tún àwọn ìwé àtijọ́ tẹ̀, àwọn ìwé tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Bí mo ti pè é ní ilé ìtẹ̀wé yìí, ẹ má ṣe rò pé a ní ẹ̀rọ ńlá. Yàrá kan ni, àti tábìlì méjì, kọ̀ǹpútà kan, àti àpótí irin kan tí ikán kò lè wọ̀. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ ni à ń gbé iṣẹ́ lọ fún. Ìwé mẹ́rin péré ni a ti tún tẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ju ojú-ewé 130 lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò lónìí kò pọ̀. Títún ìwé àtijọ́ tẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan. Agbára ìlú ká a, bí ìlú bá lè ṣe ohun méjì: kí ó ní sùúrù, kí ó sì jẹ́ kí ìwé náà sọ ohun tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀. Ohun kejì yìí ni ó le jù, n óò sì dé orí rẹ̀.

BÍ ÌWÉ ṢE Ń KÚ

Àwọn kan lè rò pé ìwé èdè wa kò pọ̀ tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ó pọ̀. Ní ọdún 1843 ni a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó fi di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Láti ayé ìgbà náà ni àwọn olùkọ́, akọ̀wé, ajíhìnrere àti oníṣòwò ti ń fi owó àpò ara wọn tẹ ìwé: ìwé ewì, ìwé òwe, ìwé orin, àti èyí tí ó kan irú Ẹgbẹ́ wa yìí jù lọ, ìwé ìtàn ìlú. I. B. Akínyẹlé, tí ó padà wá di Olúbàdàn, tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. M. C. Adéyẹmí tẹ ti Ọ̀yọ́ jáde ní 1914. Ti Ìjẹ̀ṣà jáde ní 1932 láti ọwọ́ J. D. E. Abíọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọwọ́ N. D. Oyèríndé sì tẹ̀ lé e ní 1934. Àwọn bàbá wọ̀nyí kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó kọ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ìgbà tiwọn. Ẹ béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé girama lónìí, ẹ óò rí i pé ìwọ̀nba ni ẹni tí ó ti fojú kàn án rí.

Ìwé kì í kú lójijì. Bí kò bá sí lórí àtẹ mọ́, ẹ̀dà tí ó wà nílé àwọn ènìyàn ni ó kù. Ikán a jẹ òmíràn. Òjò a pa òmíràn láti ojú òrùlé tí ó jò. Pépà tí wọ́n fi tẹ òmíràn kò dára láti ilẹ̀ wá, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, bí a bá ṣí i báyìí a rún sí wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí pé ó ń pa ìwé jù ni ìsìnkú. Bàbá arúgbó kan a kú, àwọn ọmọ a ti ìdálẹ̀ dé, wọn a fẹ́ kun yàrá kí àlejò tó dé, wọn a sì ní kí a kó àpótí ìwé bàbá sí ẹ̀yìnkùlé kí a dáná sun ún. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọn kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ̀dà ìkẹyìn ni wọ́n ń sun.

Ẹ wo bí ó ti kù díẹ̀ kí ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà lónìí má jáde rárá. Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó láti tẹ̀, ìwé náà sì sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní 1916 tí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́, àkókò ogun ni. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. Ní 1921 ni ó jáde, Dókítà náà sì ti kú ní 1920. Ìgbà méjì ni ìwé yìí dé ẹnu ọ̀nà ìparun. Ohun tí ó yọ ọ́ ni pé ẹnì kan tọ́jú àkọsílẹ̀ sílé, ẹnì kan sì tún fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.

ÌWÉ TÍ Ó JÍ DÌDE

Ìwé tí a ti gbàgbé lè jí. Ní 1929 ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ròyìn ayé ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí ó jẹ ní Èkó àti ìyà tí ó kángun sí. Àwọn òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní 1930 ó kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìwé náà rọlẹ̀. Nígbà tí àwa wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, ohun tí a kọ́ wa ni pé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní 2012, Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ìwé Sẹ̀gilọlá gbé jáde, Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá fi ojú ara wọn rí i pé ìwé kan ti wà ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú ti Fágúnwà. Iyì Fágúnwà kò dín kù nínú èyí. Ilé wa ni ó ní yàrá kan tí a ti tì pa fún ọgọ́rin ọdún ó lé, tí a kò sì rántí pé ó wà.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò tí ó bá wa ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlejò nìkan ni ó lè ṣe é. E. M. Líjàdù, ajíhìnrere ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, tẹ ìwé tí ó pè ní Òrúnmlà jáde ní 1908, nínú èyí tí ó kọ ọ̀pọ̀ ẹsẹ Ifá sílẹ̀. Ní 1972, ọdún 64 lẹ́yìn náà, Omolayo Standard Press ní Adó-Èkìtì tún ìwé yìí tẹ̀. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe Èkó pàápàá. Adó-Èkìtì ni. Títí di òní, àwọn tí ń ṣe ìwádìí Ifá ní yunifásítì ń dárúkọ àtúntẹ̀ Adó-Èkìtì yìí. Ohun tí ìlú kan ṣe, ìlú mìíràn lè ṣe é.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí a ti ń ṣe é, kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí awo kan nínú rẹ̀.

Èkínní ni wíwá ẹ̀dà. Ẹ̀dà kan kì í sábà tó. Bí èèpo rẹ̀ kò bá já, ojú-ewé mẹ́rin a ti bọ́ nínú rẹ̀. A nílò méjì, kí a fi ọ̀kan di àlàfo èkejì. Nílé, a ń béèrè lọ́wọ́ ìdílé àwọn olùkọ́ àtijọ́, àwọn katikísì àti àwọn akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ilé, àwọn ilé ìkówèésí wà. Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wa, nítorí láti 1950 ni òfin ti ní kí àwọn atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà. Ilé ìtọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú. British Library wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Amẹ́ríkà, Northwestern University ní Evanston ní ilé ìkówèésí pàtàkì lórí ilẹ̀ Áfríkà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà nítòsí àwọn ibi wọ̀nyí, ìdajì ọjọ́ kan yín lè jẹ́ ohun tí àwa nílé kò lè fi odindi ọdún rí.

Èkejì ni ẹ̀tọ́ oníwèé. Ìwé àtijọ́ kì í ṣe oko aláìlólówó. Lábẹ́ Òfin Copyright ti 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà fún ọdún 70 lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. Samuel Johnson kú ní 1901. Ẹnikẹ́ni lè tún ìwé rẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágúnwà kú ní 1963, nítorí náà ẹ̀tọ́ náà wà títí di òpin 2033. Akínyẹlé kú ní 1964, tirẹ̀ sì wà títí di òpin 2034. Bí ẹ̀tọ́ bá wà, ẹ lọ bá ìdílé, kí ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ sì san ohun tí ẹ bá ṣe àdéhùn rẹ̀. Bí òfin bá ti tú ìwé sílẹ̀ pàápàá, ẹ ṣì lọ kí ìdílé náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà mìíràn, àwọn ni wọ́n ní àwòrán òǹkọ̀wé, tàbí ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe àtúnṣe sí etí ojú-ewé.

Ẹ̀kẹta ni títún un tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ̀ràn àkọtọ́ ti ń dìde. Àwọn ìwé àtijọ́ ń kọ “aiye,” “enia,” “nwọn,” “yio”, láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ọmọ ilé-ìwé ń kọ “ayé,” “ènìyàn,” “wọ́n,” “yóò.” Bí a bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀, ọmọ a kọsẹ̀, bí a bá yí i padà, àwọn àgbà a ní a ti ba ìwé jẹ́. Ìpinnu tiwa ni pé a ń yí àkọtọ́ padà, a kì í yí ọ̀rọ̀ padà, a sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ojú-ewé àkọ́kọ́.

Àmì ohùn le ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé a bá gbólóhùn yìí pàdé nínú ìtàn ogun: “nwọn ko ọta na lọ.” Ṣé ọ̀tá ni wọ́n kó lẹ́rú ni, tàbí ọta ìbọn ni wọ́n kó lọ? Ìyàtọ̀ náà kò kéré fún ìdílé tí bàbá ńlá wọn wà nínú ogun náà. Ẹni tí ó bá fi àmì sí i ti ṣe ìdájọ́. Nígbà tí gbólóhùn tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e kò bá là á yé wa, àwọn àgbà ni à ń lọ bi. Bí ó bá ṣì rú wọn lójú, a ó fi í sílẹ̀ láìsí àmì, a ó sì ṣe àlàyé sí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ wá rí ìdí tí iṣẹ́ yìí kò fi lè dúró. A lè rí pépà lọ́dún tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ènìyàn mọ́, a kò mọ̀ bóyá a ó bá a.

Ẹ̀kẹrin ni kíkà á wò. Ènìyàn méjì ni ó ń ṣe é: ọ̀kan a di ẹ̀dà àtijọ́ mú, a máa kà á sókè, èkejì a máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lójú ewé tuntun. Lẹ́yìn náà wọ́n a pààrọ̀ ipò, wọ́n a tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ojú-ewé, tí ó sì ń sọ ọ́ di lẹ́tà, a máa dín iṣẹ́ kù fún Gẹ̀ẹ́sì; ní ti Yorùbá, a máa gbé àmì jù sílẹ̀, ó sì lè sọ “ọ” di “o” láìfòyà. Ojú àti etí ènìyàn kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ìkarùn-ún ni títẹ̀ ẹ́. Ojú-ewé 16 ni a sábà máa ń ká papọ̀ di ìdì kan, nítorí náà ìwé ojú-ewé 128 jẹ́ ìdì mẹ́jọ géérégé, kò sí pépà tí ó ṣòfò. A ń ní kí wọ́n fi òwú rán an, nítorí ìwé tí a fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ kì í pẹ́ tú lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé. A kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣí láìjẹ́ pé a rí ẹ̀dà àyẹ̀wò kan. Ní ọ̀dọ̀ atẹ̀wé kan tí n kò ní í dárúkọ, gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó pòórá láàárín kọ̀ǹpútà wa àti ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà àyẹ̀wò yẹn. Bí ìwé bá jáde, ẹ̀dà mẹ́ta a lọ sí Ilé Ìkówèésí ti Orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí òfin 1970 ti wí, kí ó má bàa tún sọnù lẹ́ẹ̀kejì.

KÍ ÌWÉ SỌ TI ẸNU RẸ̀

Mo dé ibi tí ó le. Mo bẹ Kábíyèsí àti ẹ̀yin Olóyè pé kí ẹ fi etí sùúrù gbọ́ mi.

Ìwé ìtàn ìlú kì í ṣe ìwé àlọ́. Ó ń dárúkọ ìdílé tí ó ń jẹ oyè, ó ń sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ibì kan, ó ń fi ẹnu bá ààlà ilẹ̀. A kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí kí Òfin Oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957 tó mú kí a máa kọ ìlànà oyè jíjẹ sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń gbé wọn lọ sí kóòtù, nítorí náà náà sì ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rù pé kí a tún wọn tẹ̀.

Ní ọdún tí a ń ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwé kékeré wa, ọkùnrin kan wá bá wa ní alẹ́, ó ní kí a jọ̀wọ́ yọ ojú-ewé kan kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹlòmíràn wá láti ìdílé kejì, ó ní kí a fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ ojú-ewé yẹn kan náà, pé òun yóò san owó rẹ̀. A fún àwọn méjèèjì ní àga, a fún wọn ní omi, a sì fún wọn ní èsì kan náà: bí ó ti wà ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bí a bá yọ ìlà kan nítorí ìdílé kan, kò sí ohun tí a ó fi dá ìdílé kejì lóhùn. Nígbà tí a bá fi máa parí, kì í ṣe ìwé bàbá náà ni a tún tẹ̀ mọ́, ìwé tiwa ni, a kàn fi orúkọ òkú bò ó ni. Òkú kò sì lè wá sí ìpàdé yìí wá jiyàn. Síwájú sí i, ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà níbì kan, ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi méjèèjì wé ara wọn, ọjọ́ náà ni gbogbo ohun tí ìlú wa bá sọ yóò di irọ́ lójú ayé, títí kan èyí tí ó jẹ́ òtítọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ ni ó tọ̀nà. Ènìyàn ni wọ́n. Òmíràn nínú wọn gbọ́ ti apá kan ju ti èkejì lọ. Òmíràn kò fi orúkọ obìnrin kan ṣoṣo sínú ìtàn, bí ẹni pé àwọn ọkùnrin nìkan ni wọ́n tẹ ìlú dó. Àyè wà fún àtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ni àyè náà wà. Kí ìdílé tí ọ̀rọ̀ kan dùn kọ tiwọn wá, kí wọ́n fọwọ́ sí i, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìwé ní lẹ́tà kan náà, láìgé e kúrú. Nígbà náà ni ọmọ tí a kò tíì bí yóò lè gbọ́ ẹjọ́ ní apá méjèèjì. Àwọn àgbà ti sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo fẹ́ kí Ẹgbẹ́ wa jẹ́ oníbàárà òtítọ́, bí ọjà rẹ̀ kò bá tilẹ̀ yá.

Ọ̀RÀN OWÓ

Kí n fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe iye ọjà òde òní. Bí ìwé kan bá ná wa ní ₦900,000 fún ẹ̀dà 300, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦3,000. Bí a bá wá fi 100 ta àwọn èèyàn pàtàkì lọ́rẹ, 200 ni ó kù fún títà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì di ₦4,500 kí owó wa tó padà. Olùkọ́ tí ó fẹ́ ra ìwé ni ó ń san owó ìwé tí ọlọ́rọ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ni ó ń pa ilé ìtẹ̀wé kékeré, kì í ṣe àìsí òǹkàwé. Ìlérí ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà ń pa á: a ó gbọ́ iye ńlá lórí gbohùngbohùn, a ó pàtẹ́wọ́, a kò sì ní í rí olówó mọ́. Nítorí náà, a kì í ṣe ìfilọ́lẹ̀. Orúkọ àti owó àwọn tí wọ́n fẹ́ ra ìwé ni à ń kọ́kọ́ gbà, iye tí ó bá sì jẹ́ ni à ń tẹ̀, a ó fi díẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí ń jẹ́ Persephone Books, tí Nicola Beauman dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ìwé tí àwọn obìnrin kọ, tí ayé sì ti gbàgbé, ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tún tẹ̀. Èèpo aláwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n fi ń bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kò sí àwòrán olówó gọbọi lára rẹ̀. Ní 2000 wọ́n tún ìwé kan tí Winifred Watson kọ ní 1938 tẹ̀, ìyẹn Miss Pettigrew Lives for a Day. Ìyá náà ṣì wà láàyè, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí àjíǹde ìwé rẹ̀ kí ó tó kú ní 2002. Ìwé yẹn tà ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì fi í ṣe sinimá ní 2008. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún wa ni pé ìwé kan tí ó tà a máa gbé àwọn tí kò tètè tà lẹ́yìn. Nítorí náà, ìwé àlọ́ àti ìwé òwe tí ilé-ìwé lè rà ni kí ó gbé ìwé ìtàn tí ó wúwo.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Mo mú ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin wá síwájú Ẹgbẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kìíní: kí Ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún fún àwọn ìwé àtijọ́, kí àgbà méjì ó kéré tán wà nínú rẹ̀, kí obìnrin sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kejì: kí a ya owó ìwé kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nínú owó Ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ọrẹ, kí ó jẹ́ owó tí ń yí. Owó tí ìwé tòní bá pa ni a ó fi tẹ ti ọdún tí ń bọ̀. Ìwé kan lọ́dún tó. Láàárín ọdún mẹ́wàá, a ó ní ìwé mẹ́wàá.

Ẹ̀bẹ̀ kẹta: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yẹ àpótí àwọn bàbá àti ìyá wọn wò kí wọ́n tó dáná sun ohunkóhun. Ẹ kò ní láti fún wa ní ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán rẹ̀, a ó dá a padà ní ọjọ́ kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ bá wa wo inú ìwé orúkọ àwọn ilé ìkówèésí tí ó wà nítòsí yín.

Ẹ̀bẹ̀ kẹrin, èyí sì ni mo fi ìkúnlẹ̀ bẹ̀ jù lọ: kí ìpàdé yìí dìbò lónìí pé ìwé yòówù tí Ẹgbẹ́ bá tún tẹ̀, a kò ní í yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ nítorí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olówó, ìbáà ṣe olóyè, ìbáà ṣe èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá dìbò sí èyí, a lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Bí a kò bá dìbò sí i, ó sàn kí a fi owó náà ṣe kànga.

 Kí Ọlọ́run bá wa dá ìlú wa sí. Àṣẹ.